Àrokò Inú Ẹ̀jẹ̀

Ìgò náà kò tó àtàǹpàkò. Bí ẹ bá gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ búra pé òfìfo ni wọ́n tà fún yín, àfi tí ẹ bá tẹjú mọ́ ìdí rẹ̀, níbi tí nǹkan funfun fẹ́lẹ́ kan ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì bí èlùbọ́ tó ṣẹ́kù sínú kóńgò lẹ́yìn tí wọ́n ti dà á tán. Máíkírógíráàmù 10 ni gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Ká pín gíráàmù kan ṣoṣo sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ká wá mú mẹ́wàá níbẹ̀, òun nìyẹn. Wọ́n kọ orúkọ sí i lára: interferon-gamma ti ènìyàn. Wọ́n kọ ìkìlọ̀ sí abẹ́ rẹ̀ pé ìwádìí nìkan ló wà fún, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gún un sára.

Àbúrò mi kan ló fi í hàn mí. Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni wọ́n bí àwa méjèèjì sí, a jọ pọnmi lódò kan náà, a jọ jókòó ní ilé ìwé kan náà, kí òun tó gba ọ̀nà sáyẹ́ǹsì lọ, tí èmi sì gba ọ̀nà ìwé kíkọ. Ikọ́ ife ló ń ṣe ìwádìí lé lórí. Oṣù mẹ́rin ló fi retí ìgò yìí kí ó tó ti òkè òkun dé, nígbà tó sì dé, ọwọ́ méjèèjì ló fi gbà á bí ẹni gba ọmọ tuntun. Ó kán omi tó mọ́ lóòótọ́ sí i, ó rọra ń yí i, kò gbọ̀n ọ́n, nítorí bí a bá gbọ̀n ọ́n yóò hó, bó bá sì hó ó ti bàjẹ́. Ó pín in sínú àwọn ike tín-ín-tìn-ìn-tín, ó kó wọn sí fírísà. Lọ́jọ́ Jímọ̀, iná lọ. Dísẹ́ẹ̀lì inú jẹnẹrétọ̀ tán ní òru Sátidé. Nígbà tó fi máa ṣí fírísà láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, iná ti padà dé, gbogbo nǹkan ti tún dì gbagidi, kò sí ẹni tó lè fojú lásán mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Ìgbà tó lò ó ló tó mọ̀. Ó pè mí lórí fóònù, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti kú." Mo rò pé ènìyàn ni.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń tọpa ìgò yìí. Mo fẹ́ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹni tó ń ṣe é, ohun tí a ti fi rí nípa àìsàn tiwa nílẹ̀ yìí, àti ìdí tí a kò fi lè ṣe é fúnra wa.

Àwọn baba ńlá wa máa ń fi àrokò ránṣẹ́. Owó ẹyọ mẹ́fà tí a so mọ́ okùn kan lè sọ fún ẹni tí a fẹ́ràn pé ọkàn mi ń fà sí ọ. Bó bá fi mẹ́jọ dáhùn, ó ń sọ pé èrò wa jọ. Ẹni tí kò mọ àrokò, owó lásán ni yóò rí. Bí àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nìyẹn. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn bá rí àlejò tí kò mọ̀, kò ní ẹnu tó máa fi pariwo. Yóò tú pùròtéènì kékeré kan jáde. Pùròtéènì yìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní sáítókáìnì. Yóò máa bá omi ara àti ẹ̀jẹ̀ lọ títí yóò fi kan sẹ́ẹ̀lì mìíràn tó ní ohun tí yóò fi gbà á lára, bí etí ṣe wà fún ohùn. Sẹ́ẹ̀lì tí kò bá ní etí rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Oríṣiríṣi ló wà. Interferon ń sọ fún àwọn sẹ́ẹ̀lì àdúgbò pé olè ti wọ̀lú, kí oníkálukú ti ilẹ̀kùn. Èyí tí wọ́n ń pè ní TNF ń pe jagunjagun jọ, ó sì ń kó iná sí wọn lára. Interleukin-6 ń gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ lọ. Nígbà tí ibà bá mú wa, tí ara gbóná, tí gbogbo oríkèé ń ro wá, tí ẹnu korò débi pé iyán kò wù wá jẹ, kòkòrò ibà la máa ń di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Púpọ̀ nínú ìnira yẹn, àrokò tí ara wa ń fi ránṣẹ́ síra rẹ̀ ló ń fà á. Interleukin-10 ní tirẹ̀ ń sọ fún àwọn jagunjagun pé ó tó, kí wọ́n padà sílé.

Ọ̀rọ̀ interleukin-10 yìí wọ̀ mí lára ju ti ìyókù lọ, mo sì rò pé ibi tí wọ́n bí mi sí ló fà á. Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877, Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì lápá kan, Ìbàdàn lápá kejì. Ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án 1886 ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní Ìmẹ̀sí-Ilé, tí kò jìnnà sí wa. Síbẹ̀, ó di 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó kúrò ní bùdó. Iṣẹ́ àlàáfíà ti jáde, agbára rẹ̀ ni kò tó. Irú rẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀ nínú ara ọmọ tí ibà bá mú. Ní 1998, àwọn olùwádìí tó ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Gánà gbé e jáde pé àwọn ọmọ tí ibà fa ẹ̀jẹ̀ wọn gbẹ, tí àtẹ́lẹwọ́ wọn funfun bí òwú, interleukin-10 tó wà lára wọn kéré sí ti àwọn ọmọ tí ibà náà mú lọ́nà mìíràn. Jagunjagun wà lójú ogun, ẹni tí yóò pè wọ́n padà ni kò tó.

Ìmẹ̀sí-Ilé kan náà tún ni ọ̀rọ̀ èéyi ti yọ. Oníṣègùn ọmọdé kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, David Morley, wá ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà ní àárín ọdún 1950 sí 1960, ó sì dá ibi ìtọ́jú ọmọdé sílẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Káàdì tí àwọn ìyá ń gbé lọ sí ibi ìwọ̀n ọmọ lónìí káàkiri ayé, èyí tí ìlà wà lára rẹ̀ láti fi mọ̀ bóyá ọmọ ń dàgbà bó ṣe yẹ, ibẹ̀ ni gbòǹgbò rẹ̀ wà. Morley rí ohun kan tí àwọn ìyá Ìjẹ̀ṣà ti mọ̀ tipẹ́. Èéyi kì í sábà pa ọmọ lójú ẹsẹ̀. Ara á ti tutù, èéyi á ti fọ́n ká kúrò lára, ìyá á ti máa dúpẹ́ lọ́wọ́ aládùúgbò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìgbẹ́ gbuuru tàbí òtútù àyà á dé, á sì gbé ọmọ náà lọ. Ní 1960, Samuel Katz, tó ń bá John Enders ṣiṣẹ́ ní Boston, gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára tuntun tí wọ́n ṣe fún èéyi wá bá Morley, wọ́n sì dán an wò lára àwọn ọmọ wa. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ náà. Ó yẹ kí ọmọ Ìjẹ̀ṣà máa sọ ìtàn yìí bí ó ṣe ń sọ ti Ògèdèǹgbé, ọ̀gágun Ìjẹ̀ṣà nínú Ogun Kírìjì.

Kí ló ń pa ọmọ tó ti bọ́ lọ́wọ́ èéyi? Morley kò ní ohun tí ó lè fi wo inú rẹ̀. Ó di 1996 kí àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà tó rí apá kan ìdáhùn: fáírọ́ọ̀sì èéyi máa ń dì mọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì kan nínú ẹ̀jẹ̀, á sì pa interleukin-12 wọn lẹ́nu mọ́. Interleukin-12 ni àrokò tó ń jí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń bá kòkòrò inú ẹ̀yà ara jà. Èéyi lọ, ó fi ìlú sílẹ̀ láìsí olóde. Ìdí mìíràn tún wà, wọ́n sì ṣì ń wá a, ṣùgbọ́n ojú ti là sí èyí.

Ibi tí ìgò àbúrò mi ti wọ ọ̀rọ̀ nìyí. Báwo ni ènìyàn ṣe ń mọ̀ pé àrokò kan kéré tàbí pọ̀ lára ọmọ? A kì í fi ojú rí i. Àwo ike kan wà tó ní ihò 96. Ọpọ́n ayò ní ihò 12. Ẹ to ọpọ́n ayò mẹ́jọ pọ̀, ẹ ti rí i. Wọ́n á kán ẹ̀jẹ̀ aláìsàn tí wọ́n ti sẹ́ sínú ihò kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fi àwọn ohun tó lè di sáítókáìnì mú sí i, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á tún fọ̀ ọ́, wọ́n á wá kán omi kan tí ó ń di àwọ̀ aró sí i. Bí ásíìdì bá kàn án, aró náà á di àwọ̀ ìyeyè. Bí àwọ̀ yẹn bá ṣe dúdú tó ni sáítókáìnì inú ihò náà ṣe pọ̀ tó. Ṣùgbọ́n mélòó ni ìyeyè tó dúdú báyìí? Àwọ̀ kò sọ iye. A ní láti mú sáítókáìnì tí a ti mọ ìwọ̀n rẹ̀, kí a là á ní ìdajì, kí a tún la ìdajì yẹn ní ìdajì, títí dé ihò keje, kí a wá fi ti aláìsàn wé e. Kóńgò nìyẹn. Ìyá tó ń ta gàrí ní ọjà Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà mọ̀ pé bí ìdí kóńgò bá ti wọnú, gbogbo ìṣírò ọjọ́ náà ti wọ́. Ohun tó bàjẹ́ nínú fírísà àbúrò mi lọ́jọ́ Sátidé ni kóńgò rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn tó gbà fún oṣù mélòó kan wà nílẹ̀, kò sì sí ohun tí yóò fi wọ̀n ọ́n.

Àyẹ̀wò ikọ́ ife kan tí wọ́n ń lò káàkiri ayé lónìí, orí interferon-gamma yìí ló dúró lé. Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n á fi èérún pùròtéènì kòkòrò ikọ́ ife hàn án mọ́jú, bí ẹni fi fọ́tò olè han ará ìlú. Bí ẹ̀jẹ̀ náà bá ti pàdé kòkòrò yẹn rí, yóò tú interferon-gamma jáde. Bó bá mọ́jú, wọ́n á wọ̀n ọ́n. Kóńgò tí àwọn ilé iṣẹ́ ń tà fún irú iṣẹ́ yìí ní kóńgò ńlá kan tí wọ́n ń fi wọ́n wé, èyí tí ilé ìwádìí ìjọba tó wà ní Potters Bar nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń tọ́jú fún Àjọ Ìlera Àgbáyé.

Bí ayé ṣe dé ibi tí a ti lè ra àrokò inú ẹ̀jẹ̀ nínú ìgò kò pẹ́ púpọ̀. Ní 1957, Alick Isaacs àti Jean Lindenmann ní Mill Hill nílùú London fi fáírọ́ọ̀sì influenza tí wọ́n ti pa han awọ inú ẹyin adìyẹ, wọ́n sì rí i pé awọ náà tú nǹkan kan sínú omi, nǹkan tí kò jẹ́ kí fáírọ́ọ̀sì mìíràn ráyè. Wọ́n pè é ní interferon. Nagano àti Kojima ti rí ohun tó jọ ọ́ ní Japan ní 1954, ìwọ̀nba ènìyàn ló kà á. Ní 1974 ni orúkọ sáítókáìnì wọlé láti ọwọ́ Stanley Cohen, tí kì í ṣe Stanley Cohen tó so DNA mọ́ DNA, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ wọn kan náà ń da ọ̀pọ̀ ìwé rú. Ìṣòro tó kù ni pé ìwọ̀nba díẹ̀ ni ara ń ṣe nínú sáítókáìnì. Kari Cantell ní Helsinki fi ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́ interferon láti inú ẹ̀jẹ̀ tí àwọn ará Finland fi tọrẹ, síbẹ̀ ohun tó ń rí kò tó ẹnu kò tó ọ̀fun.

Ohun tó yí i padà ni iṣẹ́ tí Cohen kejì àti Herbert Boyer ṣe ní California ní 1973: a lè gé ọ̀rọ̀ kan láti inú DNA ẹ̀dá kan, ká rán an mọ́ ti òmíràn. Nígbà tó di 1980, Charles Weissmann àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní Zürich ti gbé ọ̀rọ̀ interferon ti ènìyàn sínú bakitéríà, bakitéríà sì ń ṣe é. Goeddel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ Genentech náà ṣe tiwọn. Interferon-gamma tẹ̀lé e ní 1982, interleukin-2 ní 1983, TNF ní 1984, interleukin-6 ní 1986.

Ẹni tó bá ti wọ ilé ìpọntí rí mọ̀ ju ìdajì iṣẹ́ náà lọ. Láti 1978 ni International Breweries ti ń pọntí ní Iléṣà, ọtí Trophy sì ti gbà á lẹ́nu gbogbo ayẹyẹ wa. Nínú àgbá irin gíga wọ̀nyẹn, ohun kan tó kéré ju ojú lọ ń jẹ ṣúgà, ó ń pọ̀ sí i, ó sì ń tú ohun tí a fẹ́ jáde. Àgbá tí wọ́n fi ń ṣe interferon kò yàtọ̀ lójú. Dípò ìwúkàrà, bakitéríà E. coli ló wà níbẹ̀, irú èyí tó ń gbé inú ìfun wa, tí wọ́n ti fi òrùka DNA kékeré kan sí nínú. Ọ̀rọ̀ ènìyàn wà lára òrùka náà. Wọ́n á fún un ní oúnjẹ, atẹ́gùn àti ìgbóná ara ènìyàn. Ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, ọ̀kan á ti di méjì. Nígbà tí wọ́n bá pọ̀ tó, wọ́n á kán ohun kan sínú àgbá tó ń sọ fún wọn pé ó yá, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀nà ti pínyà pẹ̀lú ọtí, ibẹ̀ sì ni owó àti ìmọ̀ wà. Pùròtéènì náà máa ń kóra jọ gbágbá nínú bakitéríà bí àmàlà tí a kò rò dáadáa. Wọ́n á fọ́ bakitéríà, wọ́n á tú gbágbá náà, wọ́n á wá rọra jẹ́ kí pùròtéènì ká ara rẹ̀ bó ṣe yẹ kó ká, nítorí bí ó bá ṣe ká ni sẹ́ẹ̀lì fi ń dá a mọ̀. Wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á tún un sẹ́, nínú ọ̀pá gíláàsì tí nǹkan bí iyanrìn kún inú rẹ̀. Níkẹyìn, wọ́n á sọ ọ́ di yìnyín, wọ́n á fa omi rẹ̀ jáde láìjẹ́ kó yọ́. Èèpo funfun tó wà ní ìdí ìgò nìyẹn. Bó bá gbẹ báyìí, ó lè fara da ìrìn àjò. Ọkọ̀ òfurufú kọ́ ló pa ti àbúrò mi.

Ṣé ohun tí bakitéríà ṣe jẹ́ ohun kan náà pẹ̀lú èyí tí ara wa ń ṣe? Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lé èyí lórí, mo sì rò pé ó yẹ kí wọ́n máa jiyàn. Ara ènìyàn máa ń so ẹ̀ka ṣúgà mọ́ ọ̀pọ̀ pùròtéènì rẹ̀, E. coli kì í sì í so irú rẹ̀. Interferon-gamma ṣiṣẹ́ dáadáa láìní ẹ̀ka yẹn. Erythropoietin, tó ń sọ fún mùdùnmúdùn eegun pé kó ṣe ẹ̀jẹ̀, kì í pẹ́ lára rárá bí kò bá ní in, nítorí náà sẹ́ẹ̀lì ẹranko ni wọ́n fi ń ṣe é. Interleukin-2 tí wọ́n fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ kíndìnrín láti 1992, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ pààrọ̀ ọ̀kan nínú ìlẹ̀kẹ̀ tó so ó pọ̀, ìkarùndínláàádóje, kí ó má bàa ká sódì.

Èyí tó burú jù ni ìdọ̀tí. Ara E. coli ní ọ̀rá kan tí ẹ̀jẹ̀ ènìyàn kórìíra, èérún rẹ̀ péré tó láti mú kí sẹ́ẹ̀lì funfun tú TNF jáde. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìwé lórí ìwé ń sọ pé àwọn pùròtéènì kan tí wọ́n ń pè ní Hsp60 àti Hsp70 ń jí ogun ara. Ní 2003, Gao àti Tsan fọ pùròtéènì wọ̀nyí mọ́ tónítóní, ariwo náà sì dákẹ́: ọ̀rá bakitéríà ló ń sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi ẹ̀jẹ̀ ẹranko òkun kan tó jọ akàn dán irú ìgò wọ̀nyí wò, nítorí ẹ̀jẹ̀ ẹranko yẹn máa ń dì bó bá ti kan ọ̀rá náà. Ẹni tó bá ra ìgò olówó pọ́ọ́kú tí kò ní ìwé àyẹ̀wò yìí, ó lè fi ọdún méjì ka ìtàn irọ́.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Gáḿbíà, nítorí ọmọ wa ló wà níbẹ̀. Ní 1990, Dominic Kwiatkowski àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọn TNF lára àwọn ọmọ tí ibà mú níbẹ̀. Lára àwọn tí ibà wọ ọpọlọ wọn, ó ga, ó sì ga jù lára àwọn tó kú. Ohun tó tẹ̀lé e jọ pé ó bọ́gbọ́n mu: bí TNF bá ń pa wọ́n, ẹ mú TNF. Wọ́n ṣe ohun kan tó lè dì í mú nínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì fún nǹkan bí ìdajì lára àwọn ọmọ tó lé ní 600 tí ibà wọ ọpọlọ wọn, tí ìyókù kò rí i gbà. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 1996. Ikú kò dín kù. Àwọn tó yè nínú àwọn tó gba oògùn náà, ọpọlọ àti iṣan wọn tún bàjẹ́ ju ti àwọn tí kò gbà á lọ. Ní 2001, ẹ̀rí mìíràn dé láti ọ̀nà tó jìn sí ibà: àwọn tó ń gba oògùn tó ń mú TNF nítorí àrùn oríkèé, ikọ́ ife tó ti sùn lára àwọn kan nínú wọn fún ọdún púpọ̀ jí dìde. TNF ló ń ṣọ́ ọ níbi tó sùn sí. Inú mi kì í dùn nígbà tí mo bá gbọ́ tí ènìyàn ń pe sáítókáìnì ní ọ̀tá. Ẹni tó bá fẹ́ dá sí àrokò ní láti mọ ẹni tó rán an, ẹni tó rán an sí, àti wákàtí tó dé.

Ẹ̀rí kan tún wà tó yẹ kí gbogbo yunifásítì wa gbé kọ́ ara ògiri. Ní 2002, wọ́n gbé iṣẹ́ kan jáde tó fi àwọn ọ̀dọ́ Malawi wé àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn méjèèjì gba abẹ́rẹ́ BCG kan náà, àjẹsára ikọ́ ife. Interferon-gamma àwọn ọ̀dọ́ Malawi ti ga kí wọ́n tó gba abẹ́rẹ́ rárá, nítorí ilẹ̀ àti omi ti kọ́ ẹ̀jẹ̀ wọn ní nǹkan kan. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ti àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì fò sókè, ti àwọn ọmọ Malawi kò gbéra tó bẹ́ẹ̀. Abẹ́rẹ́ kan náà, ìgò kan náà, èsì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí a kò bá wọn ti Ìjẹ̀ṣà ní Ìjẹ̀ṣà, a kò lè mọ̀ ọ́n láti inú ìwé tí wọ́n kọ ní Boston.

Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kò sì ṣe aláìní ilé ìmọ̀. Ẹdẹ ni Yunifásítì Redeemer's wà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèwálé Tomori, ọmọ Iléṣà, tó ti fi ayé rẹ̀ lépa fáírọ́ọ̀sì, ló kọ́kọ́ jẹ́ gíwá rẹ̀. Ibẹ̀ náà ni wọ́n dá ACEGID sílẹ̀ sí, ibùdó ìwádìí kòkòrò àrùn tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi darí. Nígbà tí Ebola wọ Èkó ní oṣù Keje 2014, Happi àti àwọn ènìyàn rẹ̀ wà lára àwọn tó fi ẹ̀rí múlẹ̀. Nígbà tí COVID-19 wọlé ní òpin oṣù Kejì 2020, kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí wọ́n fi ka gbogbo RNA fáírọ́ọ̀sì náà, ó sì wà lára àkọ́kà ní gbogbo Áfíríkà. Ìwé ọ̀tá la mọ̀ ọ́n kà báyìí, a sì mọ̀ ọ́n kà kánmọ́kánmọ́. Àrokò ara tiwa la kò tíì kà tó.

Ẹ wo ibà Lassa. Láti Iléṣà sí Ọ̀wọ̀ kò tó ìrìn àjò ọjọ́ kan, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀ sì ti di ojúkò ìtọ́jú Lassa nílẹ̀ Yorùbá. Láti 2010 la ti mọ̀ pé pùròtéènì kan lára fáírọ́ọ̀sì Lassa máa ń jẹ àmì ẹsẹ̀ rẹ̀, RNA tí ìbá jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì ké pe interferon. Olè tó ń fi ìgbálẹ̀ gbá ipasẹ̀ rẹ̀ ni. Àwọn kan ń yè é, àwọn kan kì í yè é. Mélòó ni interferon ẹni tó yè ní ọjọ́ kẹta? Ìbéèrè tí wọ́n lè dáhùn ní Ọ̀wọ̀ nìyẹn, bí kóńgò bá wà nílẹ̀. Ní 2020, Bastard àti ọ̀pọ̀ olùwádìí mìíràn lo interferon inú ìgò láti fi rí i pé, nínú àwọn 987 tí COVID-19 fẹ́rẹ̀ẹ́ pa, 101 ló ní ohun kan nínú ẹ̀jẹ̀ wọn tó ń pa interferon tiwọn fúnra wọn. Kò sí bí wọ́n ṣe lè rí i láìní irú ìgò bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí mo rò. Ní oṣù Kẹfà 2023 ni wọ́n tú náírà sílẹ̀. Dọ́là kan tí kò ju nǹkan bí 460 lọ ti lé ní 1,400 kí oṣù Kejì 2024 tó parí. Owó ìrànwọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ gbà ní náírà kò lé sí i. Ìgò mẹ́ta di ìgò kan. Àwọn kan ń sọ pé kí a máa rà á lọ, pé kò sí èrè nínú kí a ṣe ohun tí àgbáyé ti ń ṣe lọ́pọ̀. Mo lóye wọn, n kò gbà fún wọn. Láti 1940 ni ilé ìṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára ti ìjọba àpapọ̀ ní Yábàá ti ń ṣe abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, ti ṣànpọ̀nná àti ti dìgbòlugi, títí wọ́n fi dá a dúró ní 1991 pé wọ́n fẹ́ tún un ṣe. Títí di òní, wọn kò tíì tún un ṣe. Ní Dakar, Institut Pasteur ṣì ń ṣe ti ibà pọ́njú, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti fọwọ́ sí i. Ìyàtọ̀ wa pẹ̀lú Dakar kì í ṣe ti ọpọlọ.

N kò sọ pé kí ilé ìpọntí Iléṣà di ilé oògùn. Àgbá kékeré kan, tí kò ju kòròbà lọ, ti tó láti ṣe sáítókáìnì tí ọ̀pọ̀ láàbù yóò fi ọdún kan lò, nítorí ẹ rántí pé máíkírógíráàmù 10 ni ìgò. Ohun tí ó ń fẹ́ ni iná tí kì í lọ, omi tó mọ́, ẹni tó mọ sísẹ́, àti ìwé àyẹ̀wò tí kò ní irọ́. Kí a mú ẹyọ kan ṣoṣo, kí a má ṣe mú mẹ́wàá: interferon-gamma, nítorí ikọ́ ife wà pẹ̀lú wa, nítorí pé E. coli lè ṣe é láìní ẹ̀ka ṣúgà. Kí àwọn yunifásítì Ifẹ̀, Ìbàdàn àti Ẹdẹ jọ ṣe é, kí wọ́n fi wé kóńgò Potters Bar, kí wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde, ìbáà gún ìbáà wọ́. Kí ó wà fún ìwádìí nìkan, kí a sì kọ ọ́ gàdàgbà sára rẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé nílùú tí ẹnikẹ́ni ti ń ta abẹ́rẹ́ lójú títì, ẹnìkan lè rí ọ̀rọ̀ náà "ti ènìyàn" lára ìgò kó rò pé oògùn ni.

Àbúrò mi ti ra òmíràn. Ó ta ọ̀kadà tó kù ú kù sílé kí owó tó pé. Ó pín in sí fírísà méjì ní ilé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì ṣe ohun kan tó kọ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ti ń bá iná jìjàkadì tipẹ́. Ó bu omi sínú ife ike, ó gbé e sí fírísà títí ó fi di yìnyín, ó wá gbé owó ẹyọ kan lé orí rẹ̀. Ó ní inú àpò aṣọ ìyá wa àgbà ni òun ti rí owó ẹyọ náà. Bí iná bá lọ pẹ́, tí yìnyín yọ́, owó ẹyọ á rì, bí ó tilẹ̀ tún dì padà kí ilẹ̀ tó mọ́. Bó bá dé láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, kì í kọ́kọ́ wo ìgò mọ́. Owó ẹyọ ló ń wò.